Ẹni Tí Ó Di Okùn Mú fún Yétúndé

Ọkùnrin kan rìn wọ inú omi ní Àpápá lójú gbogbo wa, ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere, kò sì jáde títí di òní. Wọ́n ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n pé. Wọ́n ka àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n pé. Kò sí ẹni tí a ń wá.

Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ló dúró sí kó tó sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ oníròyìn ni mo fi ń jẹun, ohun tí ojú mi kò bá sì rí, ẹnu ẹni tó rí i ni mo máa ń fi í sí. Mi ò bu iyọ̀ sí èyí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó dé Kirikiri, kó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà díẹ̀, kó wo bí ẹni náà ṣe máa kọ́kọ́ wẹ̀yìn kó tó dá a lóhùn.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà létí omi, láàárín Àpápá àti Kirikiri, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gá nínú ọkọ̀ òkun. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọkùnrin nìkan ló ń kàwé níbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin pàápàá kò sí. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin wọlé, mẹ́rin péré.

Édítọ̀ wa wo gbogbo wa yíká, ó rí i pé èmi nìkan ni obìnrin nínú ọ́fíìsì.

“Obìnrin ni wọ́n, obìnrin ni ìwọ náà,” ó ní. “Máa lọ.”

Bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ nígbà náà nìyẹn.

Nínú àwọn mẹ́rin yìí, Yétúndé ni mo mọ̀ jù. Boundary ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò jìnnà sí ilé tí mo ń gbé. Bàbá rẹ̀ ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ní èbúté Láítà Tẹ́mínà, ó sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Lọ́jọ́ tí mo lọ bá wọn nílé, màmá náà kò gbójú kúrò lára maṣíìnì.

“Àǹtí oníwèé ìròyìn, ẹ bá mi bi í. Ọmọbìnrin tó ní inú òkun lòun ti fẹ́ ṣiṣẹ́, ta ló fẹ́ gbé e níyàwó? Ẹja?”

“Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń gbàdúrà pé kí n rìn jìnnà.”

“Mo ní kóo rìn. Mi ò ní kóo lúwẹ̀ẹ́!”

Ṣùgbọ́n lílúwẹ̀ẹ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò lè wọ ọkọ̀ láìyege nínú ìdánwò omi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọn á so okùn mọ́ ọ níbàdí, wàá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kọnkéré kan, wàá lúwẹ̀ẹ́ gba àárín àwọn láítà, ìyẹn àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù láti ara ọkọ̀ ńlá wá sí èbúté. Wàá dé ibi àgbá pupa kan tó léfòó, wàá fọwọ́ kàn án, wàá sì padà. Ẹnì kan á wà lókè tó di ìdí okùn náà mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti yege ṣáájú rẹ nìkan ló lè dì í mú, olùkọ́ kì í dì í.

Òfin kan ṣoṣo ló de ẹni tó di okùn mú. Kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí ẹni inú omi bá padà dé orí àtẹ̀gùn, tó pè é lórúkọ, tó ní, “Lágbájá, mo ti dé, tú mi sílẹ̀.” Bí okùn bá ń bó o lọ́wọ́, kó máa bó o. Bí òjò bá ń pa á, kó máa pa á. Bí kò bá tíì gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọmọ okùn ni àwọn méjèèjì. Wọ́n kà á sí ju ọ̀rẹ́ lọ. Bí ọ̀kan bá ń gbéyàwó, èkejì ló máa dúró tì í níwájú pẹpẹ. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì ló máa gbé ẹsẹ̀ pósí. Mo ti rí ọ̀gá ọkọ̀ tó sunkún ọmọ okùn rẹ̀ ju bó ṣe sunkún àbúrò rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin ni gbogbo ẹni tó ti yege. Wọ́n sì ní àwọn kò ní di okùn mú fún obìnrin.

Kọ́lá ni aṣáájú àwọn tó wà lọ́dún tó gbẹ̀yìn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó bá mi sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Àǹtí, ẹ má bínú. Kì í ṣe ìkà. Mo ní àfẹ́sọ́nà ní Èbúté Mẹ́ta. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé mo ní ọmọ okùn, obìnrin sì ni?”

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Kọ́lá, okùn náà á bímọ kó tó gbẹ!”

Ebiere, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́rin náà, gbọ́ ọ. Ọmọ Íjọ̀ tó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí kì í fèsì fún.

“Na rope we dey talk o,” ó ní. “No be wedding ring.”

Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn kò ní fipá mú ẹnikẹ́ni láti di okùn. Wọ́n tún ní obìnrin tí kò bá yege kí sáà náà tó parí, ẹ̀ka títẹ̀wé ni wọ́n máa gbé e lọ, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi táípù tẹ̀wé fún àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ: wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn kò tì í.

“Mi ò wá kọ́ títẹ̀wé,” ni Yétúndé sọ fún mi. “Bó bá jẹ́ orí àga ni mo fẹ́ jókòó sí, ti mọ́mì mi wà nílé.”

Sáà fẹ́ parí, wọ́n ní kí ó wá ṣe ìdánwò náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè gbogbo wa ti là. Èéfín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti dà pọ̀ mọ́ ọyẹ́, ṣùgbọ́n a rí àgbá pupa náà dáadáa láti ibi tí a dúró sí. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ orí omi, Bósìn ni gbogbo ayé ń pè é, àgbàlagbà tí òkun ti jẹ́ ilé fún ni. Òun fúnra rẹ̀ ló so okùn mọ́ Yétúndé níbàdí. Ó fi ìdí okùn sílẹ̀ lórí kọnkéré.

“Ta ló máa dì í mú?”

Àwọn ọkùnrin náà ń wo bàtà wọn.

“Mo ní ta ni?”

“Bósìn, make I hold am,” ni Ebiere sọ. “I sabi swim pass all of dem.”

“Ìwọ náà kò tíì yege.”

“How I go take pass, when nobody gree hold my own?”

Bósìn tún yíjú sí àwọn ọkùnrin. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí i pé okùn ti kúrò nílẹ̀.

Ọkùnrin kan ti mú un. Ó dúró sí apá òsì mi, ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n bá fi fọwọ́ kàn án. Ọ̀dọ́ ni. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò kakí péńpé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù, ofarọ́ọ̀lù búlúù ni wọ́n wọ̀. Mi ò rí ibi tó gbà dé. Mo rò pé òṣìṣẹ́ láítà ni.

“Mo dì í mú,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Bósìn wò ó, ó mí kanlẹ̀. “Ó ti dì í mú. Sọ̀kalẹ̀, Yétúndé.”

Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa ń béèrè orúkọ ẹni tó di okùn, torí gbogbo wọn ló mọ ara wọn. Ojú ti ń ti Bósìn níwájú oníròyìn, Yétúndé sì ń yọ̀ pé òun rí ẹni mú okùn òun. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ kí ẹni náà má baà yí ọkàn padà.

Èmi béèrè. Ìwà iṣẹ́ mi ni. Mo mú bírò, mo sún mọ́ ọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, kí ni orúkọ yín?”

Ó yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

“Wọn ò pè é,” ó ní.

Mo ní kí ni? Ó tún yíjú sí omi. Mo wá wolẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọyẹ́ ni o, kọnkéré yẹn gbẹ bí egungun. Ṣùgbọ́n omi ń kán láti ṣòkòtò ọkùnrin náà, ó ń ṣàn lọ sí bàtà mi, kò sì dáwọ́ dúró. Òórùn tó ń bọ̀ lára rẹ̀ ni ti ẹrẹ̀ tó máa ń wà nílẹ̀ nígbà tí omi bá ti fà.

Mo sún sẹ́yìn. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ẹsẹ̀ mi ló sún.

Yétúndé ti dé àárín láítà méjì nígbà tí tọ́ọ̀gù kan, ọkọ̀ kékeré tó ń fa ọkọ̀ ńlá, kọjá lójú omi. Ìgbì rẹ̀ ti láítà méjèèjì sún mọ́ra. A rí i tí àlàfo náà ń dín kù. Orí Yétúndé wà láàárín rẹ̀. Kọ́lá pariwo, “Jésù!” Bósìn ń bọ́ ẹ̀wù.

Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò pariwo. Ó fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yétúndé jáde láàárín irin méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn láítà náà ti kọ lu ara wọn. Gbogbo ilẹ̀ mì.

“Àǹtí, mi ò lúwẹ̀ẹ́ jáde níbẹ̀,” ni Yétúndé sọ fún mi nígbà tó yá. “Wọ́n fà mí jáde ni. Ọwọ́ yẹn kò dà bí ọwọ́ ènìyàn kan. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo omi bá ń fà lọ sókun.”

Ọmọ náà kò padà láìdé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn láítà tún yà síra, ó dé ibi àgbá pupa, ó fọwọ́ kàn án, ó yí padà. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àtẹ̀gùn, àwọn ọkùnrin tó ń fi í ṣẹlẹ́yà ti ń pàtẹ́wọ́. Kọ́lá ló pàtẹ́wọ́ jù.

“Mo ti dé!” ni Yétúndé pariwo. Ó gbójú sókè sí ẹni tó di okùn mú. Ó wo Bósìn.

“Sà, kí ni orúkọ wọn?”

Bósìn wo Kọ́lá. Kọ́lá wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

“Ẹ ṣeun gan-an ni,” ni Yétúndé wí. “Mo ti dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú mi sílẹ̀.”

Ọkùnrin náà kò jọ̀wọ́ okùn. Ó tẹ́tí. Ẹ gbà mí gbọ́, ojú rẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Kò bínú. Ó rí bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun, tó sì ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ó ń ká okùn náà bó ṣe ń lọ. Ó kọjá lára Yétúndé láìwò ó. Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìbàdí, ó dé àyà. Kò lúwẹ̀ẹ́. Ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ sílé. Orí rẹ̀ wọ inú omi. Okùn náà le, ó sì fa Yétúndé kúrò lórí àtẹ̀gùn tó dúró sí. Ó bọ́ sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀. Ó tún bọ́ sí òmíràn.

Wọn kì í gé okùn ìdánwò. Bósìn fò sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé e.

Ìdí okùn náà wọ inú omi lọ.

Àwọn apẹja wá. Àwọn òmùwẹ̀ wá. Wọ́n wá a títí dìrọ̀lẹ́, wọn kò rí ènìyàn, wọn kò rí okùn. Mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó bá lè sọ̀rọ̀.

Kọ́lá ní: “Mo rò pé òṣìṣẹ́ láítà ni. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ojú tì wá lónìí, ẹlòmíràn ló wá ṣe iṣẹ́ wa.”

Bósìn ní: “Inú mi dùn pé ẹnì kan mú un. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.”

Ebiere fà mí sí ẹ̀gbẹ́, ó sọ ọ́ sí mi létí. “Aunty, di water no move. Person enter water, water suppose move.”

Bàbá Yétúndé ló sọ ohun tó kù fún mi, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lẹ́yìn ìsìn. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Láítà Tẹ́mínà, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì kéré, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń ṣe ìdánwò náà. Láítà pa dé lórí ẹni tó wà nínú omi. Gbogbo wọn ń bẹ ẹni tó di okùn mú pé kó jọ̀wọ́ rẹ̀, pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ.

“Ó ní wọn ò tíì pe òun,” ni bàbá náà wí. “Ó ní òfin ni òfin. Ó di okùn náà mú, ó tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀. Ọmọ mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jáde. Kakí ni wọ́n ń wọ̀ nígbà yẹn.”

Ó bojú wẹ̀yìn. “Ẹ má jẹ́ kí Yétúndé gbọ́.”

Ó ti gbọ́. Gbogbo Boundary ló ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Kọ́lá jáde síwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. “Orúkọ mi ni Kọ́lá,” ó pariwo rẹ̀. “Ẹ gbọ́ o, ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kọ́lá ni mò ń jẹ́. Èmi ni mo máa di okùn mú fún Ebiere.” Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yege. Wọ́n ní kí Yétúndé tún tirẹ̀ ṣe nítorí pé kò sẹ́ni tó tú u sílẹ̀. Kọ́lá dì í mú, ó pe Kọ́lá, Kọ́lá tú u sílẹ̀. Àfẹ́sọ́nà Èbúté Mẹ́ta bínú títí, nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mo kọ ọ́, édítọ̀ gé gbogbo ibi tí ọkùnrin náà wà kúrò, ó ní ìwé ìròyìn kì í ṣe àlọ́. Àwọn obìnrin tó yege nìkan ló kù nínú rẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, Yétúndé sì ti di igbákejì ọ̀gá nínú ọkọ̀ òkun. Ọdún yìí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ó ní nígbàkígbà tí ọkọ̀ wọn bá wọ Àpápá, tí omi sì ń fà, òun máa ń mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń fa òun níbàdí, níbi tí wọ́n so okùn mọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dà bí ìgbà tí ọmọdé bá fa aṣọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé kẹ́yìn, ó fà á dé etí ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló dì í mú.

“Kọ́lá tú okùn tirẹ̀,” ó ní. “Ẹni yẹn ò tíì tú tèmi. Àǹtí, ẹ bá mi wá orúkọ yẹn. Bí kò bá gbọ́ ọ, màá bá a lọ.”

Mo wá a. Orúkọ méjì ni mo rí, ti ẹni tó wà nínú omi àti ti ẹni tó di okùn mú. Bàbá Yétúndé mọ méjèèjì, káfíńtà kan tó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ méjèèjì. Wọn kò jiyàn lórí orúkọ. Orí ẹni tó ni èwo ni wọ́n ti ń jiyàn. Bàbá ní àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó di okùn mú, káfíńtà fi Bíbélì búra pé èkejì ni. Bí Yétúndé bá sì pe ẹni tó wà lábẹ́ láítà, mi ò mọ irú ẹni tó máa dá a lóhùn, mi ò sì fẹ́ mọ̀.

Nítorí náà, mi ò ní kọ orúkọ méjèèjì síbí. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ dúró létí omi yẹn kó máa pe orúkọ ènìyàn ṣeré. Bí ẹ bá débẹ̀, tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń jẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ayé yín ló wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń bójú tó etí omi náà fẹ́ dà á kún, kí wọ́n lè máa kó kọ̀ńténà síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti ní àwọn kò ní fọwọ́ kan àtẹ̀gùn yẹn. Nítorí tiwọn ni ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà ṣe gbà láti rí mi. Ó ní òun kò gba iwin gbọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí iṣẹ́ òun lọ. Ó ní ọkọ̀ Yétúndé máa wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun máa jẹ́ kó dúró lórí àtẹ̀gùn náà ní ojúmọmọ, pẹ̀lú Bósìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó pe orúkọ kan.

“Ọ̀kan ṣoṣo,” ni ọ̀gá náà sọ. “Kó yan èyí tó bá fẹ́. Bó bá di ọjọ́ Ajé, iyanrìn la máa dà síbẹ̀.”